Kẹ́ẹ̀gì Epo Inú Ọkọ̀: Ta Ni Yóò Ru Ewu Rẹ̀?

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin ọmọ ọkọ̀, ati ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ti owó oṣù, kì í sì í ṣe ti owó ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì ni. Ẹni tí ó bá dúró létí ọ̀nà ní Alápòtí ní kùtùkùtù, nígbà tí àwọn ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ ń jáde lọ sí ìrìn-àjò, yóò rí Hilux ati jíìpù tí wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ yẹ́lò sẹ́yìn. Kẹ́ẹ̀gì òróró ni tẹ́lẹ̀, 25 lítà. Epo bẹntiróòlù ni ó wà nínú rẹ̀ báyìí. Wọ́n fi ọ̀rá dí ẹnu rẹ̀ kí ìdérí lè mú un. Nígbà mìíràn ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ó wà, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, nítorí ẹ̀rù olè, inú ọkọ̀ gan-an ni wọ́n gbé e sí, lẹ́yìn àga àwọn tí ó jókòó, tí wọ́n sì wé gíláàsì sókè kí ẹ̀rọ amúlétutù lè ṣiṣẹ́.

Èrò tiwa lórí ọ̀rọ̀ yìí kò lọ́jú pọ̀. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbà láti wa Hilux, wọn kò gbà á láti wa táńkà. Bí iṣẹ́ bá pọn dandan tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi ru epo àfikún, kí ilé-iṣẹ́ ra ohun tí a fi ń ru epo, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí ìwé pé àwọn ni wọ́n rán an. Bí wọn kò bá ṣe méjèèjì, kí kẹ́ẹ̀gì má wọ ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bi ara wa léèrè ohun tí a ń fi kẹ́ẹ̀gì ṣe. Táńkì Hilux ń gba bíi 80 lítà. Bí ọ̀nà bá burú tó bẹ́ẹ̀ tí lítà kan kò gbé e ju kìlómítà mẹ́jọ lọ, 80 lítà yóò ṣì gbé e ju 600 kìlómítà lọ. Láti Ọ̀tà dé Ìlọrin kò tó 350. Ẹni tí ń lọ sí Ìbàdàn, tàbí Ọ̀ṣogbo, tàbí Oǹdó, tí táńkì rẹ̀ sì kún nígbà tí ó ń jáde, yóò lọ, yóò sì bọ̀, láìyà sí ilé-epo kankan. Kí ló wá dé tí kẹ́ẹ̀gì méjì fi ń bá a lọ?

Ẹ̀yin awakọ̀ mọ ìdáhùn rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ fẹ́ máa ra epo lójú kan náà, níbi tí wọ́n ti ní àkọsílẹ̀, kí wọ́n má baà fi owó epo sí awakọ̀ lọ́wọ́, nítorí wọ́n ní yóò jẹ lára rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi ọkọ̀ olówó iyebíye lé lọ́wọ́, pẹ̀lú ẹrù ati ẹ̀mí ènìyàn mẹ́rin nínú rẹ̀, òun náà ni wọn kò lè fi owó epo lé lọ́wọ́! Kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n gbé iná sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní ó dàbọ̀.

A kò sọ pé kò sí awakọ̀ tí ń jí epo. Wọ́n wà láàárín wa, àwọn ni wọ́n sì ń ba orúkọ àwọn yòókù jẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé kékeré tí ilé-epo ń kọ fún ẹni tí ó rà, pẹ̀lú iye kìlómítà tí ó wà lójú mítà ọkọ̀, tó láti fi mú olè. Kẹ́ẹ̀gì kò fi ohunkóhun kún un. Ẹni tí yóò jí epo lára táńkì yóò jí i lára kẹ́ẹ̀gì. Ti kẹ́ẹ̀gì tilẹ̀ rọrùn jù.

Lóòótọ́, àwọn ìrìn kan wà tí epo àfikún kò ṣe é fi sílẹ̀. Ẹni tí ń lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta nínú igbó, tàbí ẹni tí ń lọ sí ìhà Bọ̀rgú níbi tí ilé-epo ti jìnnà síra, kò lè gbé ara lé oríire. Bẹ́ẹ̀ náà ni àsìkò ọ̀wọ́n epo. A kò tí ì gbàgbé ìparí 2022 wọ ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí ènìyàn ń sun ìlà epo mọ́jú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọ̀nà Ìdí-Ìrókò kò sì lè gbàgbé November 2019, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé-epo tí kò jìnnà tó 20 kìlómítà sí ẹnu ibodè. Lẹ́yìn náà ni 29 May 2023 dé, tí ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà tí kò tó 200 náírà nínú ìwé ìjọba di nǹkan bí 500 kí oṣù náà tó tán. Nígbà tí yóò fi di October 2024 ó ti sún mọ́ 1,000. Nígbà tí nǹkan bá rí báyìí, ẹni tí ó bá rí epo rà yóò fẹ́ rọ díẹ̀ pamọ́. Ó yé wa. Ìdí nìyí tí a kò fi ní dúró lórí “ẹ má rù ú” nìkan. Ẹni tí yóò bá rù ú, kí ó mọ ohun tí ó rù.

Ohun tí ń gbiná lára bẹntiróòlù kì í ṣe omi epo tí a ń rí. Oru tí ń jáde lára rẹ̀ ni, èyí tí imú wa ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Bẹntiróòlù ń yọ oru tí ó lè gbiná kódà nínú òtútù tí ó fi bíi 40 digírì rẹlẹ̀ sí ibi tí omi ti ń dì. Ní ilẹ̀ tiwa yìí, kò sí wákàtí kan nínú ọ̀sán tàbí òru tí kì í jáde. Dísù kò rí bẹ́ẹ̀: ó ní láti gbóná ju 50 digírì lọ kí oru rẹ̀ tó lè gba iná. Nítorí náà ewu dísù kéré sí ti bẹntiróòlù, kì í ṣe pé kò sí. Ohun kejì ni pé oru bẹntiróòlù wúwo ju atẹ́gùn lọ, ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin. Kì í gòkè bí èéfín. Ilẹ̀ ni ó ń wá. Ó ń ṣàn bí omi tí ojú kò rí, ó ń wọ kòtò, ó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá, títí yóò fi bá ẹni tí ń ṣá ìṣáná, tàbí obìnrin tí ń dín àkàrà, tàbí jẹnẹrétọ̀ tí ń ṣiṣẹ́. Iná yóò sì gba ọ̀nà tí oru náà gbà wá padà sí ìdí kẹ́ẹ̀gì. Ẹni tí ó wà nídìí kẹ́ẹ̀gì kò ní mọ ibi tí iná ti wá.

Ẹ wá gbọ́ ìṣirò yìí, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé e sínú ọkọ̀. Bí oru bẹntiróòlù bá ti tó nǹkan bí ìdá kan ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún atẹ́gùn inú ọkọ̀, ó ti tó láti gbiná. Inú Hilux, níbi tí ènìyàn ń jókòó sí, kò ju ìwọ̀n mítà mẹ́ta ní ìlọ́po lọ, ìyẹn bíi 3,000 lítà atẹ́gùn. Bẹntiróòlù tí kò tó ìdajì ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan, bí ó bá jò sórí kápẹ́ẹ̀tì tí ó sì di oru tán, ó ti tó láti sọ gbogbo inú ọkọ̀ náà di bọ́ǹbù. Kí sìgá kan, tàbí wáyà kan tí ó bó, tó kù.

Àwọn tí ó bá rò pé à ń dẹ́rù bà wọ́n, kí wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ ibodè wa. Ní 23 September 2023, ní agbègbè Sèmè-Podji ní Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ibi tí wọ́n ń kó epo fàyàwọ́ pamọ́ sí gbiná. Epo tí àwọn ará ọ̀hún ń pè ní kpayo ni, èyí tí ń ti ọ̀dọ̀ wa kọjá sí ọ̀dọ̀ wọn nínú kẹ́ẹ̀gì ati àpò. Wọ́n ń já àpò bẹntiróòlù sílẹ̀ lára ọkọ̀ ni iná sọ. Ènìyàn tí ó ju 30 lọ ni ó kú, ọmọ ọwọ́ wà nínú wọn. Ní tòsí wa níbí, ní Abúlé Ẹ̀gbá, ní 26 December 2006, àwọn ènìyàn ń fi kẹ́ẹ̀gì ati báàkẹ́ẹ̀tì gbọ́n epo níbi páìpù tí àwọn olè ti lu. Ó ju 200 ènìyàn tí iná jó pa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Dikko ní Ìpínlẹ̀ Niger ní 18 January 2025, nígbà tí táńkà tí ó gbé 60,000 lítà ṣubú, tí àwọn ènìyàn sì sáré mú kẹ́ẹ̀gì wá. Ó ju 80 tí ó kú.

Lẹ́yìn ti Dikko, àjọ ìjọba tí ń mójútó ọ̀rọ̀ epo sọ pé láti 1 March 2025 táńkà tí ń gbé 60,000 lítà kò gbọdọ̀ gbé epo mọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ìjọba rí táńkà nítorí pé ó tóbi. Kẹ́ẹ̀gì tí ó wà lẹ́yìn àga awakọ̀, àwa ni a ní láti rí i.

Ohun tí a fi ń ru epo kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Jẹ́ríkàn tí a mọ̀ lónìí, àwọn ará Jámánì ni wọ́n ṣe é ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì fún àwọn ọmọ ogun wọn, 20 lítà ni. Nígbà tí ogun dé aṣálẹ̀ Àríwá Áfíríkà, agolo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ń ru epo tiwọn; ó ń jò sí ọ̀nà, ó sì ń gbiná. Bí wọ́n bá ti gba ti ọ̀tá lójú ogun, wọn a ju tiwọn nù. Jerry ni orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n ń pe ará Jámánì, ibẹ̀ ni jẹ́ríkàn ti jáde; nígbẹ̀yìn wọ́n kúkú jókòó, wọ́n sì ṣe irú rẹ̀ gan-an. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀. Irin ni. Ọwọ́ mẹ́ta ni ó ní lórí, kí ènìyàn méjì lè jọ gbé èyí tí ó kún, kí ẹnì kan sì lè fi ọwọ́ kan gbé òfìfo méjì. Ìdérí rẹ̀ ní ìkọ́ tí ń tì í pa, ó sì so mọ́ ọn, kò lè sọnù. Àyè kan sì wà lókè nínú rẹ̀ tí epo kì í dé nígbà tí a bá rọ ọ́.

Àyè yìí ni kẹ́ẹ̀gì òróró kò ní bí a bá rọ ọ́ kún dé ẹnu. Epo ń wú bí ó bá gbóná. Kẹ́ẹ̀gì 25 lítà tí a rọ kún ní ìdájí, bí oòrùn ọ̀sán bá fi 20 digírì kún ooru rẹ̀, epo inú rẹ̀ yóò fi ìdajì lítà lé sí i. Ìdajì lítà yìí kò ní ibòmíràn tí yóò gbà ju ẹnu ìdérí lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí kẹ́ẹ̀gì tí ikùn rẹ̀ wú bí ti aboyún, tí ọ̀rá ẹnu rẹ̀ sì ń ṣe omi. A mọ̀ pé oníke tí wọ́n dìídì ṣe fún epo wà. Ó nípọn, ìdérí rẹ̀ ń mú, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára pé ti epo ni. Èyí kò burú. Ti òróró, ti omi, ti kẹ́míkà tí a ṣà ní ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́, kò sí èyí tí ó yẹ níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fura sí ni ilé-epo. Wọn a fi kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ lẹ́yìn Hilux, lórí rọ́bà tí wọ́n fi tẹ́ ẹ, wọn a fa páńpù gùn ún. Ẹni tí ó ti bọ́ aṣọ nílọ́ọ̀nù rí ní òru ọyẹ́, tí ó gbọ́ tí ó ń ta “pẹ́-pẹ́-pẹ́”, tí iná kékeré sì ń ṣẹ́ lára rẹ̀, ti rí ohun tí à ń wí. Epo tí ń ṣàn gba inú páńpù bọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì ń kó irú iná bẹ́ẹ̀ jọ. Bí ilẹ̀ bá wà lábẹ́ kẹ́ẹ̀gì, iná náà yóò bá ilẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ rọ́bà ni, kò rí ọ̀nà lọ, yóò sì ta ní ẹnu páńpù níbi tí oru epo pọ̀ sí jù lọ. Ní January 1998, NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń ṣèwádìí ewu ibi iṣẹ́, kìlọ̀ lórí nǹkan yìí gan-an, nítorí iná ti ń sọ níbi tí wọ́n ti ń rọ epo sínú kẹ́ẹ̀gì lórí rọ́bà ẹ̀yìn ọkọ̀. Nítorí náà, ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀. Ẹ gbé e sórí ilẹ̀, ẹ jìnnà sí ọkọ̀ díẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kan irin lásán kí ẹ tó di páńpù mú, kí irin ẹnu páńpù sì máa kan ẹnu jẹ́ríkàn títí epo yóò fi dúró. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ ilé-epo sáré sí yín. Bí ó bá ní àwọn tó wà lẹ́yìn ń fun fèrè, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fun ún. Kí ẹ sì dá a dúró nígbà tí ó bá ku bí ìka mẹ́rin kí ó kún.

Níbo ni kí á wá gbé e sí? Kò gbọdọ̀ sí nínú ibi tí ènìyàn jókòó sí, ì báà ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún. Orí òrùlé jíìpù tí ọ̀pọ̀ fẹ́ràn kò dára tó bí wọ́n ṣe rò. Jẹ́ríkàn méjì tí ó kún tó 40 kìlò. Jíìpù tí ó ga tẹ́lẹ̀ tí a tún di irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé lórí, bí ó bá fi eré wọ kọ́nà, tàbí tí táyà kan wọ kòtò lójijì, ṣíṣubú rẹ̀ kò ṣòro mọ́. Ara bọ́ńpà ẹ̀yìn náà kò dára, nítorí ibẹ̀ ni tírélà tí bíréèkì rẹ̀ já yóò kọ́kọ́ gbá. Ibi tí ó sàn jù lára Hilux ni ẹ̀yìn rẹ̀ tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kí jẹ́ríkàn dúró ṣánṣán, kí ó fara ti irin iwájú tí ó wà lẹ́yìn àga, kí á fi bẹ́líìtì alákọ̀ọ́ dì í mọ́ irin ọkọ̀. Okùn táyà àlòkù tí ń nà kò tó. Kí ó jìnnà sí ẹ̀gbẹ́ tí sàlẹ́ńsà ń gbà, sí bátìrì, ati sí irin iṣẹ́ tí ó lè yí gbá a. Kí á fi tapólì bò ó nítorí oòrùn, ṣùgbọ́n kí á má dì í pinpin. Jẹ́ríkàn méjì ti tó fún ọkọ̀ kan. Jíìpù tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá papọ̀ mọ́ ibi ìjókòó kò ní àyè fún bẹntiróòlù nínú. Bí wọn kò bá ti de férémù irin sí i níta, kí ó lọ pẹ̀lú ohun tí ó wà nínú táńkì rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń wa bọ́ọ̀sì akérò, a kò tí ì gbàgbé yín. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti kìlọ̀ lórí kẹ́ẹ̀gì epo nínú ọkọ̀ èrò títí ẹnu fi bó wọn. Bí èrò kan bá gbé àpò tí ń rùn bẹntiróòlù wọlé, tí ó ní “awakọ̀ ẹ jọ̀ọ́, díẹ̀ ni”, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Owó ọkọ̀ ẹnì kan kò tó ra ẹ̀mí mẹ́tàdínlógún.

Òfìfo ń tan ènìyàn jẹ. Ọ̀pọ̀ rò pé bí epo bá ti tán nínú kẹ́ẹ̀gì, ewu ti tán. Òfìfo tí ó kún fún oru burú ju èyí tí ó kún fún epo lọ nígbà mìíràn, nítorí oru ati atẹ́gùn ti pò pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin wẹ́dà tí ẹ wà ní ilé-iṣẹ́, ẹ̀yin ni a ń bá wí jù níbi èyí. Dúróòmù tí ó ti gba epo rí, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó, kò gbọdọ̀ rí iná yín láìjẹ́ pé ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ti wẹ̀ ẹ́ tí ó sì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Fọ́manù tí ó bá ní “ó ti gbẹ, jó o”, ẹ ní kí ó wá dúró tì yín.

Bí ó bá di pé kí á rọ epo sínú táńkì lójú ọ̀nà, kí awakọ̀ yà kúrò lójú títì, kí ó pa ẹ́ńjìnnì, kí ó jẹ́ kí gbogbo ènìyàn sọ̀kalẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ara ọkọ̀ tutù díẹ̀. Àrọ ni kí á lò, kì í ṣe ọ̀rá tí a ká kò. Ẹ má ṣe fi ẹnu fa epo gba inú rọ́bà. A mọ̀ pé àṣà àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ṣì ọ̀nà wọ ẹ̀dọ̀fóró, ìba díẹ̀, lè pa ènìyàn. Ẹni tí ó bá sì ti gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì fi ìka ré e lọ́fun kí ó bì. Nígbà tí ó bá ń bì í jáde gan-an ni yóò wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá. Àwọn tí ẹ ṣì ń wa ọkọ̀ àtijọ́ tí ó ní kabúrétọ̀, ẹ má ṣe bu bẹntiróòlù sí i lẹ́nu nígbà tí ẹlòmíràn ń ta ọkọ̀. Ojú ati ọwọ́ mẹkáníìkì púpọ̀ ni ó ti lọ sí i.

Bẹntiróòlù ati kẹrosíìnì kò gbọdọ̀ lo kẹ́ẹ̀gì kan náà láéláé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìyókù epo lọ sílé, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Bẹntiróòlù díẹ̀ tí ó kù ní ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì tó láti sọ kẹrosíìnì tí ìyàwó yóò rọ sínú sítóòfù di ohun tí ń bú gbàmù. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí ju ìgbà kan lọ, ọmọdé sì wà nínú àwọn tí ó jóná. Kí jẹ́ríkàn ilé-iṣẹ́ ní ọ̀dà pupa lára, kí wọ́n kọ BẸNTIRÓÒLÙ sí i gàdàgbà, kí ó má sì kúrò ní ilé-iṣẹ́ àfi nígbà ìrìn-àjò.

Bí iná bá sọ, ẹ má da omi sí i. Epo yóò léfòó lórí omi, yóò sì máa jó lọ. Ẹ̀rọ ìpaná oníyẹ̀fun ni, tàbí yanrìn, bí iná bá ṣì kéré. Bí ó bá ti ju ìyẹn lọ, ẹ sá. Ọkọ̀ ní ẹni tí yóò san owó rẹ̀. Ara ènìyàn tí ó jóná ni kí á da omi sí, omi tútù tí ó mọ́, kí ó máa ṣàn sí i fún 20 ìṣẹ́jú. Kí á má fi ẹyin, kí á má fi ọṣẹ ìfọyín, kí á má fi epo pupa pa á.

Ẹ jẹ́ kí á wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ òfin, nítorí níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ń yan òṣìṣẹ́ jẹ. Òfin tí ó wà fún ìsanpadà òṣìṣẹ́ tí ó farapa lẹ́nu iṣẹ́ jáde ní 2010. Ó ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún àjọ NSITF, láti inú àpò tirẹ̀, kì í ṣe láti inú owó wa. Ẹni tí ó bá farapa, tàbí ẹbí ẹni tí ó bá kú, ní 14 ọjọ́ láti fi tó agbanisíṣẹ́ létí. Agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ méje láti fi tó àjọ náà létí. Òfin náà kò sì yọ ẹni tí ó farapa níta ọgbà ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ tàbí àṣẹ agbanisíṣẹ́ ni ó gbé e dé ibẹ̀. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà: àṣẹ. Nígbà tí Hilux bá jó ní ojú ọ̀nà, ohun tí ẹnu yóò kọ́kọ́ sọ ní ọ́fíìsì ni pé “kò sẹ́ni tí ó ní kí ó gbé kẹ́ẹ̀gì”. Awakọ̀ tí ó wà ní ilé ìwòsàn, tàbí tí ó wà nílẹ̀, kò lè dá wọn lóhùn. Ìwé ni yóò bá a dáhùn.

Nítorí náà, ohun tí a ń fẹ́ nìyí lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó wà ní Alápòtí ati agbègbè Ọ̀tà. Kí a fún awakọ̀ ní owó epo ìrìn-àjò, kí ó sì mú ìwé rẹ̀ padà wá. Níbi tí èyí kò bá ti ṣeé ṣe, kí ilé-iṣẹ́ ra jẹ́ríkàn irin méjì fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú bẹ́líìtì rẹ̀, àrọ, ati ẹ̀rọ ìpaná tí ọjọ́ rẹ̀ kò tí ì kọjá.  Kí ìwé ìrìn-àjò ní ojú ìlà kan tí a ó ti kọ iye epo àfikún tí ọkọ̀ gbé, kí ọ̀gá tí ó rán awakọ̀ fi ọwọ́ sí i. Kí wọ́n má sì lé ẹnikẹ́ni lẹ́nu iṣẹ́, tàbí yọ owó rẹ̀, nítorí pé ó kọ̀ láti gbé kẹ́ẹ̀gì òróró sínú ọkọ̀.

Ẹ̀yin aṣojú òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀ tó dé, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Ẹ ka iye ọkọ̀ tí ń rin ìrìn-àjò, ẹ ka iye jẹ́ríkàn irin tí ó wà, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ ìpaná, kí ẹ sì kọ wọ́n sílẹ̀. Ẹ̀yin awakọ̀, bí wọ́n bá gbé kẹ́ẹ̀gì fún yín kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ béèrè ìwé. Bí wọn kò bá kọ ọ́, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì náà sílẹ̀ ní géètì, kí ẹ sì wá fi tó akọ̀wé ẹ̀ka létí lọ́jọ́ náà gan-an, pẹ̀lú nọ́ńbà ọkọ̀ ati orúkọ ẹni tí ó rán yín.